Mọ́tò Kékeré Tó Ń Yọ̀

Ọkọ̀ tó pa nọ́ọ̀sì náà kò ní àìsàn kankan.

Ohun tí ayẹkọ̀wò kọ ránṣẹ́ sí wa láàárọ̀ Àbámẹ́ta nìyẹn, ojú ìwé kan ṣoṣo, ó sì da gbogbo nǹkan rú mọ́ wa lọ́wọ́. Bíréèkì pé. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ní eyín. Sítíárìn kò tú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wá tẹ́ ẹ síwájú ọ̀gá mi.

"Màmá, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu."

Màmá Jẹ́jẹ́ là ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, nítorí pé kò sí ohun tó ń fi wàràwàrà ṣe. Kì í yára sọ̀rọ̀, kì í yára bínú, kì í sì í yára mú èèyàn. Èmi tí mo jẹ́ sájẹ́ńtì rẹ̀, mo sanra, mo ń kánjú, ẹnu mi kì í sinmi. Bí a ṣe ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà láìpa ara wa, ẹ bi ẹni tó pín wa pọ̀.

Ẹjọ́ náà rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ní kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlagi, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ fò síta, ọkọ̀ yí po, ó fẹ̀gbẹ́ lu ògiri. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ó ti kú kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlagi tó sáré dé ibẹ̀. Òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ bí.

Télọ̀ ni bàbá náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọwọ́, òun nìkan ló tọ́ ọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bí a bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, òun la máa ń bá lórí àga níta, tó di fìlà rẹ̀ mú lórí orúnkún. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń sọ.

"Ẹ sọ ẹni tó pa á fún mi."

Òun fúnra rẹ̀ ti ní ìdáhùn. Mẹkáníìkì kan fẹ́ fẹ́ ọmọ náà, bàbá kò sì fẹ́ rí i sójú. "Ọwọ́ tó ń rùn fún epo," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni yìí ló ṣe bíréèkì ọkọ̀ náà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìjàǹbá. Ìdí nìyẹn tó fi ti ń sùn nínú àhámọ́ wa láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá àgbà sì ti pàṣẹ pé tó bá di ọjọ́ Ajé, kóòtù ni.

Màmá Jẹ́jẹ́ fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí èmi kò kà dé. "Sájẹ́ńtì, ka ìlà yìí sókè."

Mo kà á. "Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀: kò bàjẹ́. Kò sì ṣiṣẹ́ lásìkò ìjàǹbá."

"Kò bàjẹ́, kò sì ṣiṣẹ́," ni Màmá tún sọ. "Lọ mú ọmọ yẹn wá."

*

Mẹkáníìkì náà jókòó síwájú wa. Irùngbọ̀n ti hù lójú rẹ̀ láìgbàṣẹ.

"Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀," ni Màmá wí. "Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

Mo fa àga mi súnmọ́ wọn, torí èmi ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan kékeré kan lára tó ń ka bó ṣe ń yí," ló wí. "Òmíì wà lára sítíárìn, òun ló mọ ibi tí awakọ̀ fẹ́ lọ. Òmíì tún wà láàárín ọkọ̀, òun ló mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ gan-an. Kọ̀mpútà á máa wò wọ́n. Tí awakọ̀ bá ní òsì là ń lọ, tí ìdí ọkọ̀ bá ní òun ò lọ, kọ̀mpútà á tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, ọkọ̀ á padà sójú ọ̀nà. Kí ojú yín tó ṣẹ́, ó ti parí. Tí táyà kan bá sì ń yí lásán lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, á dì í mú kó lè rí ilẹ̀ tẹ̀."

"Awakọ̀ ò lè fẹsẹ̀ ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ wa ò lè tẹ bíréèkì táyà kan kó fi mẹ́ta sílẹ̀, Màmá."

"Ó wá ń gba gbogbo èèyàn là?"

"Rárá o. Ẹni tó bá ń sá eré àsápajúdé, kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà á. Ṣùgbọ́n òun kì í sáré! Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń kọjá lára ẹ̀, wọ́n á sì kí i." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ síta.

Màmá jẹ́ kó nu ojú.

"Báwo ni awakọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Iná yẹ́lò kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwòrán mọ́tò kékeré tó ń yọ̀. Tó bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́. Tó bá tàn tí kò lọ, tí kò ṣẹ́jú, kò sí ààbò nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ó bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ló tẹ bọ́tìnnì ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? O fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn?"

"Páàdì bíréèkì ni mo pààrọ̀, Màmá. Ọlọ́run ló rí mi."

Gbogbo ẹni tó jókòó sórí àga yẹn ni Ọlọ́run máa ń rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò gbà á gbọ́.

*

Ní ọ̀sán, a lọ bá nọ́ọ̀sì kejì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí olóògbé máa ń gbé sọ́kọ̀. A bá a nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù olóògbé ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, òfìfo, ẹnikẹ́ni kò tíì ní agbára láti tì í.

"Ìgbà wo lo wọ ọkọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Àìkú. Òjò ń rọ̀."

"Iná kankan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, yẹ́lò, mọ́tò kan báyìí. Ó tàn títí a fi délé. Mo bi í pé ṣé kò sí wàhálà, ó ní rárá, inú òun máa ń dùn tóun bá ti rí i."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni mẹkáníìkì fọwọ́ kan ọkọ̀, ọjọ́ Àìkú ni iná tàn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ kú. Bí a ṣe jáde síta ni mo ní, "Màmá, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ó tú nǹkan kan níbẹ̀."

Màmá ń rìn lọ. "Tó bá tú u, ayẹkọ̀wò ì bá rí i. Ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kì í wo ara rẹ̀ sàn."

"Ó tẹ bọ́tìnnì nìyẹn."

"Nọ́ńbà ayẹkọ̀wò nìyí. Bi í léèrè."

Mo pè é. Ayẹkọ̀wò fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní kò sí bí èèyàn ṣe lè tẹ bọ́tìnnì yẹn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kó ṣì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún ọkọ̀ náà tan, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, inú ọkọ̀ ló wà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀.

Ẹsẹ̀ mi dúró lójú kan. "Màmá. Àbí ṣe ló fẹ́ kú?"

"Ó de bẹ́líìtì. Ó tan iná iwájú. Ó di oúnjẹ ọ̀sán dání." Màmá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ mi, ó jókòó. "Ẹni tó fẹ́ kú kì í gbé oúnjẹ ọ̀sán."

*

Kò jẹ́ kí n wakọ̀. Ó ní kí n kàn tan ẹ́ńjìnnì.

"Sájẹ́ńtì, ká ní òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, o sì fẹ́ kí ọkọ̀ yìí dáàbò bò ọ́. Ẹ̀rọ kan wà tí kì í jẹ́ kó yọ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ rèé. Kí lo máa ṣe?"

Ọmọdé ló ń ṣiyèméjì lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, n kò tiẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì; mo na ìka, mo tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò kékeré náà yọ jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, yẹ́lò yòò.

"Ó ti tàn, Màmá."

"Kí ló tàn?"

"Ààbò."

"Wo abẹ́ rẹ̀."

Mo tẹ orí mọ́lẹ̀ wò. Lẹ́tà tíntìntín mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti wà ní ọ́ọ̀fù. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wa ọkọ̀ yìí. Ìgbà òjò mélòó ni mo ti gbé ìyàwó àti ọmọ mi sínú rẹ̀, tí mo tẹ bọ́tìnnì yẹn, tí àyà mi balẹ̀?

"Ti ọkọ̀ nọ́ọ̀sì kò tiẹ̀ ní lẹ́tà," ni Màmá wí. "Àwòrán lásán ni. Iná tàn, èèyàn rò pé nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwọ tí o jẹ́ ọlọ́pàá rò bẹ́ẹ̀. Inú òun náà máa ń dùn tó bá ti rí i." Ó na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n ìwọ, ìwọ lo dá a rò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló dá tirẹ̀ rò."

A padà sí àgọ́, ó ní kí n gbé àpò ẹrù tí wọ́n kó nínú ọkọ̀ náà wá. Abọ́ oúnjẹ, bàtà iṣẹ́ funfun, aago tí nọ́ọ̀sì máa ń há mọ́ àyà, tó ti dúró. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tí a kò kà sí, wọ́n bá a lára pátákó tí awakọ̀ ń fà sílẹ̀ kí oòrùn má baà gún un lójú. Ìwé tó nípọn ni, ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tò létí rẹ̀ bí ipa èèrà. Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ìwé tí télọ̀ fi ń gé àwòṣe aṣọ ni, ihò yẹn sì ni ti kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń fa ìlà.

Ọwọ́ tó kọ ọ́ gún régé.

*Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Tan iná iwájú. Tẹ mọ́tò kékeré tó ń yọ̀, kó tàn. Má sáré. Ojú mi wà lọ́nà.*

Mi ò lè wo ojú Màmá. Mo lọ dúró lójú fèrèsé.

*

A fi ìwé náà han mẹkáníìkì. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá bo ojú.

"Ọwọ́ Bàbá nìyí," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ bọ́tìnnì yẹn níwájú wọn. Òjò rọ̀, ọkọ̀ rì sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọmọ wọn ti wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́. Mo lọ bá wọn yọ ọ́. Nínú ẹrẹ̀, ẹ̀rọ yẹn máa ń di táyà mú jù, ó sì yẹ kó yí kó tó lè jáde. Ni mo bá tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ jáde. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ni mo tún tẹ̀ ẹ́ padà, àmọ́ Bàbá ti kẹ̀yìn sí mi."

"O ṣàlàyé fún wọn?"

"Wọn ò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn, Màmá. Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé?"

Ó dìde dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó dìde.

"Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni. Ẹ kọ ọ́ pé mo gbàgbé nǹkan nídìí bíréèkì. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní yè é."

Mo ti kọ́kọ́ kórìíra ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kó má baà di pé mo fi pamọ́.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Màmá Jẹ́jẹ́ wí. "Bí mo bá kọ irọ́ yẹn, wọ́n á sọ ẹ́ sí ẹ̀wọ̀n, bàbá á sì máa fi ìkórìíra rẹ sùn, á máa fi jí. Méjì ni mo máa sin kún ọ̀kan tí a sin."

*

Nínú ṣọ́ọ̀bù, bàbá jókòó nídìí máṣínnì, kò rán nǹkan kan. Aṣọ iṣẹ́ funfun kan rọ̀ lára ògiri, apá kan ṣoṣo ni wọ́n ti rán mọ́ ọn.

"Ẹ ti mọ ẹni tó pa á?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó díẹ̀ nínú ọkọ̀ sájẹ́ńtì."

Ó tẹ̀lé wa jáde. A fi í sídìí sítíárìn, mo tan ẹ́ńjìnnì fún un. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà?"

"Èmi ni." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú rẹ̀ là díẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ́."

"Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí lẹ ní kó ṣe?"

Ó tan iná iwájú. Ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wá bọ́tìnnì náà kàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tiẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku tó wà lójú ibẹ̀.

"Ó ti tàn," ló wí. "Bọ́tìnnì aṣọ ni iṣẹ́ mi, àmọ́ mo mọ èyí náà. Mẹkáníìkì yẹn rò pé mi ò rí ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rì. Mo rí i. Mi ò nílò kó kọ́ mi."

"Ẹ ò bi í léèrè?"

"Kí n bi í? Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi?"

Bàbá wo Màmá, ó yíjú wò mí, ó padà wo iná náà.

"Sájẹ́ńtì, wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀. Tiwa ò ní. Jígí mi wà nílé, kí ni wọ́n kọ?"

Ẹnu mi tí kì í sinmi, ọjọ́ yẹn ló sinmi.

"Bàbá," ni Màmá wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀rọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí a ti tan ọkọ̀. Bọ́tìnnì yẹn kì í tan án. Ṣe ló ń pa á."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí i bó ṣe di ọwọ́ mọ́ra. Láti kékeré ni mo ti ń pa iná, tí mò ń pa ẹ́ńjìnnì, mi ò gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn rí, àfi ọjọ́ náà.

"Ó ń pa á?"

"Ẹ̀rọ náà ni, Bàbá. Ẹ̀rọ náà ni mò ń sọ. Bí ẹ ṣe máa ń fi ọwọ́ òsì di aṣọ mú lábẹ́ máṣínnì kó má baà wọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń di ọkọ̀ mú. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì yẹn ti mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀."

Bàbá na ìka rẹ̀ síwájú. Ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀. Iná kú. Ó tẹ̀ ẹ́, iná tàn. Ó tẹ̀ ẹ́, iná kú.

"Èmi ni mo pa á," ló wí.

"Bàbá, ẹ̀rọ ni..."

"Mo gbọ́ yín. Mo ní èmi ni mo pa á."

Ó gbé orí lé sítíárìn ọkọ̀ mi, ó sunkún bí ọmọdé, pẹ̀lú gbogbo ara. Mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń wá, ó bá mi lọ sí èjìká rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

*

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní ká gbé òun lọ sí àgọ́. Màmá ní ká tú mẹkáníìkì sílẹ̀, a sì mú un jáde, bàtà rẹ̀ ò ní okùn. Nígbà tó rí bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn. Bàbá kò wò ó lójú. Ó di etí tábìlì mi mú.

"Dìde," ló wí. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Bàbá."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń tan án?"

Mẹkáníìkì wo Màmá, ó wo èmi. Kò sí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀.

"Wọn kì í tan án, Bàbá," ló wí. "Tí ọkọ̀ bá ti tàn, òun náà ti wà níbẹ̀. Ẹ kàn máa fi í sílẹ̀ ni."

"Ká kàn fi í sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kí ẹ má ṣe nǹkan kan."

Bàbá mi orí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́, tí ó sì ti yé e. Ó yọ ìwé kékeré náà kúrò nínú fáìlì tó ṣí sílẹ̀ níwájú mi, ó mú gègé mi, ó fa ìlà gígún régé kan sórí gbólóhùn nípa mọ́tò kékeré tó ń yọ̀. Ó fi ìyókù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ìwé náà sí ọmọkùnrin yẹn, ẹni tí òun náà kò ní gbàgbé ọmọbìnrin náà láé, ó sì béèrè bóyá ó lè bá òun rìn délé.